Àwàdà, Ẹ̀sín àti Ìpè Ẹ̀yà Láàrin Àwọn Mùsùlùmí

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ọmọ ènìyàn ní oríṣiríṣi àwọ̀ àti èdè, tí Ó sì fi ìyàtọ̀ náà ṣe àmì fún àwọn tí wọ́n ní ìmọ̀. 

Ní ọdún karùn-ún tàbí ìkẹfà lẹ́yìn Hijra (àwọn òpìtàn kò fẹnu kò lórí ọdún náà), Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kó àwọn ọmọ ogun Mùsùlùmí jáde lọ bá ẹ̀yà Banu Mustaliq ní ibi omi kan tí wọ́n ń pè ní Muraysi. Ogun náà kò le rárá, Ọlọ́hun sì fún àwọn Mùsùlùmí ní ìṣẹ́gun. Ohun tí ó fẹ́ tú wọn ká ní ìrìn-àjò náà kì í ṣe ọ̀tá tí wọ́n lọ bá jà. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni, tí Mùsùlùmí kan fi gbá Mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìdí.

Jabir ọmọ Abdullah ni ó ròyìn rẹ̀, Imam Bukhari sì gbà á sínú ìwé rẹ̀. Ó ní ọkùnrin kan wà nínú àwọn Muhajirun, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣí kúrò ní Mẹ́kà wá sí Mẹ̀dínà, tí ó jẹ́ aláwàdà ènìyàn. Ọkùnrin yìí ni ó gbá ọ̀kan nínú àwọn Ansar ní ìdí, ìyẹn àwọn ọmọ Mẹ̀dínà tí wọ́n gba àlejò sílé. Inú bí ọmọ Ansar náà gidigidi. Ó kígbe pe àwọn Ansar pé kí wọ́n gba òun. Onítọ̀hún náà kígbe pe àwọn Muhajirun. Lójú ẹsẹ̀, àwọn tí wọ́n ti ń kírun lẹ́yìn Ànọ́bì kan ṣoṣo di ọ̀wọ́ méjì tí ó dojú kọ ara wọn.

Kí ni ó dé tí eré ẹsẹ̀ kan fi fa irú ìbínú bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí àwọn tí wọ́n ń ka hàdíìsì yìí ní kánmọ́kánmọ́ kì í dúró lé lórí. Ibn Hajar, nínú àlàyé rẹ̀ lórí ìwé Bukhari, mú ìròyìn mìíràn wá láti ọ̀dọ̀ Tabari, nínú èyí tí wọ́n ti sọ pé gbígbá ènìyàn ní ìdí báyìí jẹ́ ohun tí ó wúwo púpọ̀ lójú àwọn ará Yemen. Bẹ́ẹ̀ sì ni láti Yemen ni ìran Aws àti Khazraj, àwọn tí wọ́n di Ansar, ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí ó jẹ́ eré lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é, ìwọ̀sí ni ó jẹ́ ní ìdí ẹni tí ó bà. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Aláwàdà náà lè búra pé òun kò ní ibi lọ́kàn, kí ó sì jẹ́ òótọ́. Ọmọ Ansar náà lè sọ pé wọ́n tẹ́ òun láàrin àwùjọ, kí ó sì jẹ́ òótọ́ bákan náà. Àṣà méjì ni ó pàdé lára ẹsẹ̀ kan.

Ibn Ishaq, òpìtàn ayé Ànọ́bì, dárúkọ àwọn tí ó jà, ó sì sọ pé níbi omi ni wọ́n ti ń ti ara wọn. Ó ní Jahjah ni ọ̀kan, ọmọ ẹ̀yà Ghifar, òṣìṣẹ́ Umar tí ó ń fa ẹṣin rẹ̀. Èkejì ni Sinan, ọmọ ẹ̀yà Juhayna, tí ó jẹ́ alájọṣe àwọn Khazraj. Kí ènìyàn wò ó dáadáa: ẹni tí ó pe Muhajirun kì í ṣe ọmọ Kùráyìṣì, ẹni tí ó sì pe Ansar kì í ṣe ọmọ Khazraj ní ti ẹ̀jẹ̀. Àwọn tí wọ́n so mọ́ ìdílé ni wọ́n ń fi orúkọ ìdílé lọgun. Ẹni tí ó bá mọ bí ìjà àdúgbò ṣe ń rí nílẹ̀ Yorùbá kò ní ṣe àlàyé fún ara rẹ̀ púpọ̀.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun jáde sí wọn. Ó bi wọ́n léèrè ohun tí ìpè àsìkò àìmọ̀kan ń wá láàrin wọn, nígbà tí wọ́n sì ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún un, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí pé ó ń rùn. Ìpè ẹ̀yà yìí gan-an ni ó sọ pé ó ń rùn. Nínú ìròyìn Jabir yìí, kò sí ibi tí ó ti kó ẹgbẹ́ aláwàdà pọ̀ mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ aláwàdà, kò sì sí ibi tí ó ti ní kí ẹgbẹ́ ẹni tí wọ́n gbá gbẹ̀san fún un.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Abdullah ọmọ Ubayy, olórí àwọn mùnáfíkì, wà nínú ìrìn-àjò náà. Kí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun tó dé Mẹ̀dínà ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń ṣe ètò láti dé e ládé, oró ìyẹn kò sì kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ nípa ìjà yìí, ó fi orúkọ yẹ̀yẹ́ kan tí ó jẹ mọ́ aṣọ ìbora tí kò níye lórí pe àwọn Muhajirun, ó sì pa òwe kan tí àwọn Lárúbáwá máa ń pa nípa ajá tí ènìyàn bọ́ sanra, tí ó wá fi olówó rẹ̀ ṣe oúnjẹ. Irú òwe bẹ́ẹ̀ a máa pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn òwe ni ó wá sọ èyí tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín: pé bí àwọn bá padà dé Mẹ̀dínà, alágbára yóò lé ẹni yẹpẹrẹ jáde nínú ìlú. Ọ̀rọ̀ yìí ni Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ nípa rẹ̀ nínú Suratul Munafiqun, áyà kẹjọ. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ni ó wà láàrin eré ẹsẹ̀ àti ìlérí àtilé ènìyàn kúrò nínú ìlú: ìpè ẹ̀yà, orúkọ yẹ̀yẹ́, àti òwe tí ó fi ènìyàn wé ajá.

Ọ̀dọ́ kan, Zayd ọmọ Arqam, ni ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tí ó sì mú un dé etí àgbà. Ọmọ Ubayy búra pé òun kò sọ ọ́, wọ́n sì gba ìbúra àgbàlagbà ju ẹ̀rí ọmọdé lọ, títí Ọlọ́hun fi sọ áyà kalẹ̀ tí ó dá Zayd láre. Umar ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bẹ́ mùnáfíkì náà lórí. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ̀, kí àwọn ènìyàn má baà sọ pé Muhammad ń pa àwọn Sàháábé rẹ̀. Dípò ìdà, Ibn Ishaq sọ pé ṣe ni ó ní kí ogun ṣí ní wákàtí tí kì í ṣí. Wọ́n rìn ní ọjọ́ náà títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n rìn ní òru mọ́jú, títí oòrùn ọjọ́ kejì fi ń ta wọ́n lára. Bí wọ́n ṣe fara kan ilẹ̀ báyìí ni oorun gbé gbogbo wọn lọ. Ó fi àárẹ̀ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn. Ọgbọ́n àgbà pọ̀ nínú èyí, nítorí pé ẹni tí ó ń rìn kò ráyè jókòó yí oníròyìn ká.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ni pé kí Mùsùlùmí fa ojú ro, kí ó má rẹ́rìn-ín. Irọ́ ni. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun a máa ṣàwàdà, ó sì sọ nígbà tí wọ́n bi í léèrè pé òtítọ́ nìkan ni òun ń sọ bí òun bá tilẹ̀ ń ṣeré. Èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu jù ni ti Zahir, ará oko inú aṣálẹ̀ tí Anas ròyìn rẹ̀, tí Imam Ahmad àti Tirmidhi gbà á sílẹ̀. Ará ìlú àti ará aṣálẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà nílẹ̀ Lárúbáwá. Aṣọ wọn yàtọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn yàtọ̀, ará ìlú sì máa ń wo ará aṣálẹ̀ bí ẹni tí ojú rẹ̀ kò là. Zahir a máa mú ẹrù oko wá fún Ànọ́bì, Ànọ́bì náà a sì máa di ẹrù ìlú fún un nígbà tí ó bá ń padà. Ọkùnrin náà kò lẹ́wà. Ní ọjọ́ kan tí ó ń ta ọjà rẹ̀, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun dì í mú láti ẹ̀yìn, ó sì ń bi àwọn ará ọjà léèrè ẹni tí yóò ra ẹrú náà. Nígbà tí Zahir mọ ẹni tí ó dì í mú, kò tiraka láti bọ́ mọ́; ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ tì í láyà. Ó ní bí wọ́n bá ta òun, òun kò ní mú owó gidi wá. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sì dá a lóhùn pé lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, òun níye lórí púpọ̀.

Nínú àwàdà yìí, ìfẹ́ àti ẹ̀bùn ti wà láàrin wọn tipẹ́tipẹ́ kí eré tó dé. Ẹni tí wọ́n ń bá ṣeré rẹ́ni fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì fẹ́ kan ibi tí ó ń dùn ún, ìyẹn ìrísí rẹ̀ àti ipò rẹ̀ láwùjọ, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ eré ni ó gbé e ga níwájú gbogbo ọjà. Èdè Yorùbá mọ ìyàtọ̀ náà. Àwàdà àti ẹ̀fẹ̀ wà ní ọ̀tọ̀, yẹ̀yẹ́ àti ẹ̀sín wà ní ọ̀tọ̀. Suratul Hujurat, áyà kọkànlá, kò kọ àwàdà. Ẹ̀sín ni ó kọ̀, ó sì yẹ kí ènìyàn ṣe àkíyèsí pé àwùjọ sí àwùjọ ni áyà náà kọ́kọ́ dárúkọ, kí ó tó kan bíbu ara ẹni àti pípe ara ẹni ní orúkọ burúkú. Ó sì mú ìdí rẹ̀ wá: bóyá àwọn tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀sín sàn ju àwọn tí ń fi wọ́n ṣe é.

Àpẹẹrẹ èyí wà nínú ìtàn. Al-Jahiz ará Basra, tí ó kú ní ọdún 255 lẹ́yìn Hijra, kọ ìwé kan lórí àwọn ahun, ó sì fi àwọn ará Khurasan, pàápàá àwọn ará Marw, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìwé náà dùn, ọ̀jọ̀gbọ́n sì ni ẹni tí ó kọ ọ́. Títí di òní, ẹni tí ó bá kà á yóò rò pé kò sí ẹni tí ó lawọ́ rí ní Marw. Marw yìí kan náà sì ni ìlú Abdullah ọmọ Mubarak, tí ó kú ní ọdún 181, ọkùnrin tí àwọn onímọ̀ ṣì ń fi àpèjúwe ìlawọ́ ṣe, tí ó máa ń náwó lórí àwọn alálàájì ìlú rẹ̀ láti ilé dé Mẹ́kà, títí wọn yóò fi padà sílé. Àwàdà nípa ìran kan kì í ní àyè fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Àwọn Mùsùlùmí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti rí ọgbọ́n kan dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Láàrin Fúlàní àti Kànúrí, àdéhùn àwàdà wà tí ó ti di àjogúnbá: Fúlàní lè pe Kànúrí ní ẹrú òun, Kànúrí náà yóò sì dá a padà fún un, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú. Irú rẹ̀ wà láàrin àwọn ará Kano àti àwọn ará Zaria. Ní orílẹ̀-èdè Niger, àṣà yìí gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ UNESCO fi kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àṣà àgbáyé ní ọdún 2014. Ẹni tí ó bá sì rántí pé àwọn Fúlàní onijihad gba Ngazargamu, olú-ìlú Borno, ní ọdún 1808, tí Muhammad Bello àti al-Kanemi sì ń kọ lẹ́tà líle síra wọn lórí ẹni tí ó jẹ́ Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í ṣe é, yóò mọ̀ pé orí ilẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn ni àwàdà yìí ti ń wáyé. Ohun tí ó sọ ọ́ di àwàdà ni pé ìhà méjèèjì ni ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́. Ẹni tí ó bá lè buni, tí a kò lè bù padà, kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré.

Wàyí o, kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí nílẹ̀ Yorùbá wo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. "Àbókí" jẹ́ ọ̀rọ̀ Hausa, ọ̀rẹ́ sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Láàrin àwọn Yorùbá ó ti di orúkọ tí wọ́n fi ń pe ẹni tí ń ta ẹran sísun àti ẹni tí ń ti kẹ̀kẹ́ omi, pẹ̀lú ohùn tí kò jọ ohùn ọ̀rẹ́. Ní òkè ọya náà, àwọn kan wà tí wọ́n ń fi Mùsùlùmí Yorùbá ṣe ẹlẹ́yà bí ẹni pé ààbọ̀ ẹ̀sìn ni ó ń ṣe. Ní Ṣàgámù, ní oṣù Keje ọdún 1999, àti ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, ní oṣù Kejì ọdún 2002, ẹ̀jẹ̀ ṣàn láàrin Yorùbá àti Hausa. Ti Ṣàgámù ràn dé Kano. Àwọn tí wọ́n ń dojú kọ Kiblah kan náà wà ní ìhà méjèèjì. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àwàdà ni ó dá ogun wọ̀nyẹn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rọrùn púpọ̀ láti sọ òkúta lu ẹni tí ènìyàn ti ń fi rẹ́rìn-ín láti ogún ọdún.

Àwọn ọ̀dọ́ yóò béèrè nípa àwọn tí wọ́n fi Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005, ìwé ìròyìn kan ní Denmark gbé àwòrán 12 jáde, ìwà àrífín sì ni. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2006, ìwọ́de lórí rẹ̀ ní Maiduguri di pípa àwọn Kristẹni àti sísun ṣọ́ọ̀ṣì. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pa àwọn ará Àríwá ní Onitsha láti fi gbẹ̀san. Kò sí ẹni tí ó ya àwòrán kan nínú àwọn tí wọ́n kú ní Maiduguri, kò sì sí ẹni tí ó sun ṣọ́ọ̀ṣì nítorí àwòrán nínú àwọn tí wọ́n kú ní Onitsha. Ìpè Muraysi ni, tí ẹsẹ̀ ẹnìkan sọ gbogbo ìran rẹ̀ di ẹlẹ́ṣẹ̀. Èyí tí Ọlọ́hun pa láṣẹ nínú Suratun Nisa, áyà ogóje, fún ẹni tí ó bá gbọ́ tí wọ́n ń fi áyà Rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ni pé kí ó má jókòó tì wọ́n títí wọn yóò fi bọ́ sínú ọ̀rọ̀ mìíràn. Ànọ́bì tí wọ́n ń gbèjà rẹ̀ náà kọ̀ kí wọ́n pa ọmọ Ubayy.

Síbẹ̀ Denmark jìnnà. Èyí tí ó wà nínú ilé ni ó yẹ kí ó gba àkókò àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jù. Ní ìlú púpọ̀, ọ̀dọ́ tí ó ti ka kéwú dé àyè kan, tí ó sì ti lọ sí ìpàgọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sín àáfà àgbà jẹ. Yóò ká ẹnu kò bí ti arúgbó, yóò pe "sálámù àlékúmù" bí bàbá ṣe ń pè é, ilé yóò sì rọ́ fún ẹ̀rín. "Oníjálàbí" ni wọ́n ń pe bàbá náà, "àáfà fìdáù," "àáfà hàǹtú." Àwọn àáfà náà kò dákẹ́: "ẹlẹ́hàá" ni wọ́n ń pe àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́, wọ́n ń fi irùngbọ̀n àwọn ọkùnrin wé ti òbúkọ, wọ́n sì ń béèrè odò tí wọ́n fẹ́ là kọjá tí wọ́n fi gé ṣòkòtò. Àṣà méjì ni, ti ilé kéwú àtijọ́ àti ti ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá ti òde òní, tí wọ́n ń gbá ara wọn ní ìdí.

Kíkọ́ ènìyàn pé ohun tí ó ń ṣe kò bá sunnah mu, iṣẹ́ ẹ̀sìn ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìjúbà àgbà dá a dúró. Fífi ahọ́n rẹ̀ tí kò gba lẹ́tà "dad" dárà kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀sìn. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sọ pé ẹni tí ń ka Àlùkùránì pẹ̀lú ìnira, tí ó ń kólòlò nínú rẹ̀, láádá méjì ni tirẹ̀. Ẹni tí ó ń rẹ́rìn-ín sí i, kí ó ka iye tirẹ̀.

Bí wọ́n bá sì bi wọ́n léèrè, wọn yóò ní eré lásán ni. Àwáwí yẹn ti pẹ́. Ní ọ̀nà Tabuk, ní ọdún kẹsàn-án lẹ́yìn Hijra, àwọn kan fi àwọn tí wọ́n mọ Àlùkùránì kà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ikùn wọn tóbi, wọ́n sì jẹ́ ojo nígbà ìjà. Nígbà tí àṣírí tú, wọ́n ní ọ̀rọ̀ eré ni, àwọn kàn ń fi mú ọ̀nà kúrú ni. Suratut Tawbah, áyà 65 àti èyí tí ó tẹ̀lé e, kò gba àwáwí náà. (Kì í ṣe pé kí ọ̀dọ́ kan wá sọ áyà yìí di kùmọ̀ tí yóò máa fi lu àwọn àáfà tí wọ́n bú u, àwọn mùnáfíkì ni ó sọ̀ kalẹ̀ nípa wọn, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ni ó lè yan mùnáfíkì láàrin àwọn Mùsùlùmí.)

Ohun tí ó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ hàn gbangba. Bàbá tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọmọ, ó ní àbúrò, ó ní àwọn tí ó sọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ wọn. Àwọn kan nínú wọn ti ń fara mọ́ ohun tí ẹgbẹ́ ń wí nípa jálàbí. Wọ́n mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ẹ̀rín yẹn, wọn kò ronú nípa jálàbí mọ́. Wọ́n rántí ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Wọ́n á dìde tì í, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ mọ́sálásí, ìrun Jímọ̀ á sì di méjì láàrin àdúgbò kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ mọ́sálásí tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ bidiah ni ó pín in, bí wọ́n bá tọ ìtàn rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ẹ̀rín ẹnìkan ni wọn yóò bá níbẹ̀.

Oṣù Ramadan máa ń mú tafsíìrì wá, tafsíìrì sì máa ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn jókòó síwájú ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tí ó fẹ́ kí wọ́n gbádùn òun. Ọ̀dọ́ tí wọ́n bá gbé irú àyè bẹ́ẹ̀ fún, kí ó lọ kí àáfà àgbà àdúgbò rẹ̀ kí ó tó gun orí àga. Kí ó mú nǹkan dání, bí Zahir ti ń mú nǹkan oko wá. Bí àríyànjiyàn bá wà lórí fìdáù, inú yàrá bàbá ni kí wọ́n ti ṣe é, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Bàbá náà yóò dá àpárá tirẹ̀, nítorí pé àwọn àáfà wọ̀nyí mọ ẹ̀fẹ̀ púpọ̀. Ó lè jẹ́ irùngbọ̀n àlejò rẹ̀ ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Kí ó jẹ́ kí bàbá rẹ́rìn-ín.